Akéde Tó Ṣọ̀fọ̀ Ogójì Ọjọ́

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Àdúgbò Òkèyìnmi,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún, ọdún 2025.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ayọ̀rìndé,

Báwo ni ara rẹ? Ṣé o ń sùn dáadáa? Ìbàdàn ńkọ́, àti iṣẹ́? Ṣé o ti ń se oúnjẹ fúnra rẹ báyìí, àbí búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgọ̀yìn náà ṣì ni láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú? Ìyá onílé rẹ ńkọ́, èyí tó máa ń bínú sí bàtà tí o bá bọ́ sẹ́nu ọ̀nà? Bá mi kí i, sọ fún un pé èmi ni mo kọ́ ọ láti máa bọ́ bàtà, n kò kọ́ ọ ní ibi tó yẹ kí o gbé e sí. Dámilọ́lá ní kí n kí bọ̀dá òun. Ó ní kí n sọ fún ọ pé eyín iwájú òun méjèèjì ti hù, pé yẹ̀yẹ́ tí o fi òun ṣe níbi ìsìnkú dádì òun ti parí báyìí. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àgbàdo tí mo gbìn sí ẹ̀yìnkùlé ti dé orúnkún, ilé-ìwé ti wọlé, mo sì ti padà sí kíláàsì kẹrin mi. Ọjọ́ mìíràn máa ń rọrùn, ọjọ́ mìíràn kì í rọrùn. A kú ìrójú, èmi àti ìwọ.

Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín nígbà tí Mísíìsì Ayọ̀kúnlé, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tíṣà, bá fa lẹ́tà yìí yọ nínú báàgì rẹ̀ fún ọ. Wàá ní ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé òde òní. Kí ni kí n ṣe? Láti oṣù kẹta ni mo ti ń pè ọ́, inú mítìn ni mo sì máa ń bá ọ. Mítìn àárọ̀, mítìn ọ̀sán, mítìn ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Àbúrò mi, àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàápàá kì í ṣe mítìn tó bẹ́ẹ̀. Mo wá rò ó pé kí n kúkú kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí lẹ́tà kò ní bọ́tìnì tí èèyàn máa tẹ̀ tí á fi jáde kúrò nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti gbọ́ pé o jáde kúrò nínú gúrúùpù yín. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, mo sì ti mọ ìdí rẹ̀. Fi sùúrù kà á, jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí èmi ni mo jẹ̀bi. Jùwọ́n tí o dá lẹ́bi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Akéde ni. Ìwọ mọ Akéde jù mí lọ, nítorí ìwọ àti Láoyè ọkọ mi lẹ jọ kọ ọ́ nínú pálọ̀ mi fún odindi ìsinmi Àjíǹde kan, tí ẹ sì jẹ gbogbo ẹ̀pà tí mo yan pamọ́. Ohun tí èmi mọ̀ nípa rẹ̀ kò pọ̀. Mo mọ̀ pé inú láptọ́ọ̀pù dúdú Láoyè ló ń gbé, pé láràárọ̀ ni yóò lọ yípo gbogbo ibi tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ti ń sọ̀rọ̀, á ṣa ìròyìn wọn jọ, á kó o wá sínú gúrúùpù yín lórí fóònù, kí ẹ̀yin ọmọ Èkìtì tí ẹ ń kọ kóòdù má bàa jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò gbọ́. Mo sì mọ̀ pé kì í sọ ìròyìn kankan láìkọ́kọ́ kí èèyàn. Ṣé o rántí àríyànjiyàn tí ẹ ṣe lórí ìyẹn? Ìwọ ní kí ó máa lọ tààrà sórí ọ̀rọ̀, pé ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ìyàwó tuntun. Láoyè ní kò sí ohun tí yóò ti inú ilé òun jáde lọ sáàárín àwùjọ tí kò ní kí àwọn tó bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ Akéde ní ẹ kú òjò, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìsinmi.

Ó fi èmi náà sínú gúrúùpù náà, o mọ̀. Ìkíni yẹn nìkan ni mo máa ń kà níbẹ̀. Ìròyìn tó ń tẹ̀ lé e kò yé mi. Ní ọjọ́ kan, Akéde ní wọ́n ti rí ihò lára ìlẹ̀kùn kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, kí kálukú tètè dí i kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo dìde, mo lọ yẹ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wò. Láoyè rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí Láoyè wá fi wá sílẹ̀ ní ìparí oṣù kìíní, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ilé ti kún. Àǹtí Fúnṣọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti dé láti Ìgèdè kí ojúmọ́ tó mọ́ tán. Gbogbo wa jókòó sí pálọ̀. Nígbà tí ó di aago méje gééré, láptọ́ọ̀pù dún nínú yàrá, bó ṣe máa ń dún nígbà tí Akéde bá ti jíṣẹ́ tán.

Àǹtí Fúnṣọ́ gbé orí sókè. “Kí ló ń dún nínú ulé yìí?”

Mo ní, “Akéde ni, Àǹtí. Ó ń kí àwọn èèyàn ni.”

“Ta ló rán an?”

“Bàbá Dámilọ́lá ni.”

Ó nawọ́ sí ìlẹ̀kùn yàrá. Ó ní, “Ọ̀gá rẹ̀ dákẹ́, òun ń sọ̀rọ̀. Lọ sọ fún un kó wá bá wa ṣọ̀fọ̀.”

O mọ Àǹtí Fúnṣọ́. Bí ó bá ní kí ògiri dìde dúró, ògiri yóò bi í léèrè pé níbo ni kí òun dúró sí. Mo wọ yàrá, mo tẹ bọ́tìnì láptọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Mo fi aṣọ funfun kan bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni Akéde ṣe bá wa ṣọ̀fọ̀ fún ogójì ọjọ́. Bí mo bá sì ní kí n sọ òótọ́, nínú gbogbo àwọn tó wá bá mi jókòó, òun nìkan ni kò sọ fún mi pé kí n ṣọkàn akin.

A ṣe ìsìn ìrántí ogójì ọjọ́ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ sí ilé-ìwé, mo rò ó pé ọ̀fọ̀ Akéde ti tó. Mo ká aṣọ kúrò, mo fi wáyà sí iná, mo tẹ bọ́tìnì, mo sì ti ìlẹ̀kùn. Inú mi dùn díẹ̀. Mo rò pé bí mo bá dé ìdí pákó ìkọ̀wé mi, màá rí “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé” kan ṣoṣo, bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Ohun tí n kò mọ̀ ni èyí. Láoyè mọ bí iná ìlú yìí ṣe máa ń ṣe. Ó ti sọ fún Akéde pé bí iná bá lọ tí kò sì lè jíṣẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ó má fo ìkankan. Bí iná bá ti dé, kí ó jíṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹẹsẹ, pẹ̀lú ìkíni ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa pàdánù nǹkan kan. Kò ro iná tí yóò lọ fún ogójì ọjọ́ mọ́ ọn.

Ayọ̀rìndé, orí ìlà àdúrà ni a wà tí fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú báàgì bí ọ̀pọ̀lọ́ tó kó sínú àpò. Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ọyẹ́. Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ìsinmi. Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́. Ìkíni bí ogójì, àti ìròyìn ìgbà tó ti kọjá tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀gá wa obìnrin yí ojú sí mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a tó ṣe Àmín. Wọ́n ní Bàbá Ọláyíwọlá, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò tó wá ń kọ́ kóòdù, jókòó sórí àga, ó sì ń dá Akéde lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: “Káàárọ̀ o. A dúpẹ́ o. Káàárọ̀ o.” Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé kò pọn dandan, ó ní kò sẹ́ni tó máa kí òun tí òun kò ní dáhùn, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ. Èmi ní tèmi, nígbà tí mo rí ohun tí mo dá sílẹ̀, ojú tì mí. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù mi láìkà á. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe kejì.

Nítorí pé nínú gbogbo ariwo yẹn ni iṣẹ́ ọjọ́ kejì oṣù kẹta ti jáde, èyí tó jẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ. Mo dà á kọ síbí, kí o lè tún un kà pẹ̀lú ara balẹ̀:

“Ayọ̀rìndé, àna mi, o kú ọjọ́ ìbí. O pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lónìí, irùngbọ̀n rẹ ṣì ń ṣe bíi koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wá sílé wá jẹ iyán, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun kò lè gún iyán fún èmi nìkan. Èmi Láoyè ni mo sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo mọ bí yóò ti rí lára rẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí o bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, o jókòó sí ọ́fíìsì rẹ, o sì rí i tó ń pè ọ́ wá jẹun. Bó bá jẹ́ èmi ni, n kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí o ṣe, mo ti gbọ́. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ta ló ń fi orúkọ òkú ṣeré nínú yín? Jùwọ́n, Ọlọ́run yóò bi ọ́.” Lẹ́yìn náà o jáde, o sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn. Àwọn yẹn náà fi í pamọ́ fún mi, wọ́n ní kí wọ́n má da omi sí ojú opó. Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Tìrẹ kò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀ kankan kó tó sáré.

Bí mo ṣe wá mọ̀ ni pé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ikùn láptọ́ọ̀pù náà ti ń wú. Mo gbé e lọ bá Jùwọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Fájuyì. O mọ Jùwọ́n, ẹni tí kì í rí mi kó má fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó kí mi, ó gba láptọ́ọ̀pù, ó tú ìdí rẹ̀, ó ní bátìrì ti wú, pé ó ti darúgbó, nígbàkigbà ni ó lè kú pátápátá. Lẹ́yìn náà, láìwo ojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ayọ̀rìndé kò sọ nǹkan kan fún yín?”

Mo ní, “Nípa kí ni?”

“Ó ní mo ń fi orúkọ ọ̀gá ṣeré.” Ó ń dé ìdí láptọ́ọ̀pù padà. “Èmi tí a jọ gbé pósí. Ẹ̀yìn ló wà, iwájú ni mo wà.”

Mo mọ̀ pé Jùwọ́n ló fi orí rẹ sí ara ewúrẹ́ nínú fọ́tò nígbà kan, mo sì mọ̀ pé ìyẹn ni o fi dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ ibi tí eré rẹ̀ máa ń parí sí.

Èmi ni mo ní kí ó tan ẹ̀rọ náà, kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Kò pẹ́ tó fi rí i: ojú ewé kan tí Láoyè pè ní “Ọjọ́ Ìbí”. Orúkọ gbogbo yín wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n bí yín, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà ní iwájú rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ ọ́ náà wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní ni, nígbà tí dókítà ní kí ó sinmi, tí ó sì ń sọ fún mi pé máàkì àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ lòun ń kọ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba láptọ́ọ̀pù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo sì bá a jà. Tìrẹ ló kọ́kọ́ kọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti fura sí nǹkan kan. Mo rò pé ó kàn fẹ́ràn kí ó máa kí èèyàn ni.

Jùwọ́n ń ka orúkọ lọ sí ìsàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń ṣomi. Ó dé orí orúkọ mi. Mo rí “Bùsáyọ̀ mi”, mo rí ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà. Mo ní kí ó pa á dé. Ó ní ṣé kí òun tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún mi, nítorí ẹ̀rọ náà kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Mo ní rárá. Bí Jùwọ́n bá tẹ̀ ẹ́, yóò kà á kí n tó kà á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkọ mi kò kọ ọ́ kí n lè kà á ní ṣọ́ọ̀bù ní Fájuyì, níbi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó kọ ọ́ kí ó lè fi kí mi ní àárọ̀ ọjọ́ ìbí mi.

Jùwọ́n gbìyànjú láti kó Akéde lọ sínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Akéde di méjì. Àárọ̀ àná, àwọn méjèèjì jọ kí gbogbo ayé, Bàbá Ọláyíwọlá sì dá àwọn méjèèjì lóhùn, ó ní inú òun dùn pé Akéde ti ní ìbejì. Jùwọ́n yára pa èkejì. Ó ní èèyàn méjì péré ló mọ bí wọ́n ṣe so ó, ọ̀kan wà ní ibojì, èkejì wà nínú mítìn.

Ohun kan tún kù. Àwọn kan nínú gúrúùpù ní kí a yọ ojú ewé “Ọjọ́ Ìbí” yẹn kúrò, kó má bàa dẹ́rù ba ẹlòmíràn bó ṣe ba ìwọ lọ́kàn jẹ́. N kò dá wọn lẹ́bi. Bàbá Ọláyíwọlá nìkan ló ní rárá. Ó ní òun yóò pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ní oṣù kẹjọ, pé àwọn tó ń rántí ọjọ́ ìbí òun kò pọ̀ mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí Láoyè kí òun. Wọ́n ní kí n dá ẹjọ́ náà. Mo ní n kò lè dá a. Ìwọ ló dùn, ìwọ náà sì ni ẹni tó kù nínú àwọn tó ni ín, ohun tí o bá sọ ni a ó ṣe.

Ayọ̀rìndé, ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún nìyí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ kẹrìnlélógún bọ́ sí. Wá ní ọjọ́ Ẹtì. Bí o bá dé, kọ́kọ́ yà sí Fájuyì, kí o bá Jùwọ́n sọ̀rọ̀. Kò béèrè pé kí o dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá mú búrẹ́dì Ìbàdàn wá fún un, màá ṣe bí ẹni pé n kò rí i tó ń gbà á. Lẹ́yìn náà, wá sílé, wá wo bí o ṣe máa gbé Akéde sínú ara tuntun kí èyí tó kú. Mo ti gbé láptọ́ọ̀pù náà sórí táìlì tútù, mo gbé fáànù kọjú sí i. Dámilọ́lá máa ń fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń bi mí bóyá ara rẹ̀ ti yá. Màá gún iyán. Wọ́n ti pè ọ́ wá jẹ ẹ́ láti oṣù kẹta, ìwọ ni kò jẹ́ ìpè.

Bí ó bá wá di aago méje ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, jókòó tì mí ní yàrá. A kò ní ṣe nǹkan kan, a ó kàn dúró. Bí Akéde bá ti dún, tí ó ní “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé”, jọ̀wọ́, ìwọ ni kí o dá a lóhùn. Kò yẹ kí a kí èèyàn kó má dáhùn, n kò sì mọ̀ bóyá ohùn mi yóò jáde.

Bá mi kí ìyá onílé rẹ àti àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe gbogbo mítìn yẹn. Àǹtí Fúnṣọ́ ń kí ọ, ó ní ṣé Akéde ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Mo ní ó ti bọ́ ọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wo ọ̀nà,

Olúwabùsáyọ̀ (Ìyá Dámilọ́lá)